Wíwò Kò Gbàṣẹ, Ẹ̀rí Ló Ń Gbàṣẹ

Gbólóhùn kan wà tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan: "Ẹ lọ wò ó lórí Google." Níbikíbi tí ìjà ilẹ̀ bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á gbé àwòrán sátẹ́láìtì jáde, á fa ìlà pupa sí i, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tó ń kà á náà á gbà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n ya àwòrán náà, ta ló fa ìlà ààlà tó wà lórí rẹ̀, tàbí bóyá ilẹ̀ tí wọ́n ń wò yẹn gan-an ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí.

Ohun méjì ni a ń pa pọ̀ mọ́ra wọn. Wíwo ilẹ̀ onílẹ̀ láti ojú ọ̀run kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin àgbáyé ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó lè gbára lé ohun tí wọ́n wò, iṣẹ́ ńlá ni. Torí pé ti àkọ́kọ́ rọrùn la ṣe ń rò pé èkejì náà rọrùn. Ẹjọ́ kan wáyé níwájú Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì jà mọ̀ dunjú, nítorí pé nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo yẹn, àwòrán orí ẹ̀rọ ṣi ẹnìkan lọ́nà, àwòrán mìíràn tú àṣírí ẹni náà, wọ́n sì tún dá òmíràn padà pé kò kún ojú òṣùwọ̀n.

## Ilẹ̀ tí Google fún ẹni tí kò ni ín

Odò San Juan ni ààlà Nikarágúà àti Kóstá Ríkà lápá ìlà-oòrùn, kó tó ṣàn wọ inú Òkun Kàríbíà. Lẹ́nu odò yẹn ni ilẹ̀ àbàtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Isla Portillos. Apá àríwá rẹ̀, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà oníbùú-lóòró 3 lọ, ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2010, Nikarágúà ń kó yẹ̀pẹ̀ inú odò náà, wọ́n sì gbẹ́ ojú omi tóóró kan gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá láti odò dé ọ̀sà tó wà létí òkun. Nígbà tí Kóstá Ríkà pariwo, Edén Pastora, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, tọ́ka sí Google Maps: ìlà tó wà níbẹ̀ fi ilẹ̀ náà sọ́dọ̀ Nikarágúà.

Google yẹ ìlà wọn wò, wọ́n sì gbà pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Níbì kan, ìlà náà fi tó kìlómítà 2.7 yẹ̀. Ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìlà yẹn. Àwòrán tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò purọ́: omi wà níbi tí omi wà, igbó wà níbi tí igbó wà. Ìlà ni kò dára, sátẹ́láìtì kọ́ ló sì fà á. Ààlà kì í hàn láti òkè. Èèyàn ló ń jókòó ka ìwé, tó wá ń sọ ohun tó kà di ìlà lórí kọ̀ǹpútà. Ní ti San Juan, ìwé náà ni àdéhùn ọdún 1858, ìdájọ́ tí Ààrẹ Cleveland ti Amẹ́ríkà ṣe lé e lórí ní 1888, àti ìpinnu tí Alexander, onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n yàn láti fa ààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1897. Ẹni tó bá ṣi ìwé yẹn kà yóò fa ìlà tí kò tọ́ sórí àwòrán tó tọ́, ẹni tó ń wò ó kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àdúgbò, orúkọ òpópónà àti ìlà ìjọba ìbílẹ̀ tí à ń rí lórí fóònù wa: ọwọ́ èèyàn ló lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ṣáájú, ní 1986, nínú ẹjọ́ ààlà Burkina Faso àti Mali. Wọ́n ní máàpù fúnra rẹ̀ kò lè sọ ilẹ̀ di ti ẹnikẹ́ni. Ìsọfúnni lásán ni, ó sì lè péye tàbí kó má péye, àyàfi bó bá jẹ́ ara ìwé tí àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ fọwọ́ sí.

## Oṣù Kẹsàn-án 2013

Kóstá Ríkà gbé ẹjọ́ náà lọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2010. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2011, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ìhà méjèèjì má rán òṣìṣẹ́, ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ kankan sórí ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń bójú tó àyíká fún Kóstá Ríkà nìkan ló lè dé ibẹ̀, ìyẹn náà bó bá di dandan. Ohun tí àṣẹ yìí yọrí sí ni pé ilẹ̀ náà di ibi tí ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Bí ẹnìkan bá wọ ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, ta ni yóò jẹ́rìí?

Nínú oṣù Kẹsàn-án 2013, àwòrán sátẹ́láìtì gbé e jáde pé ojú omi tuntun méjì ti wà lápá àríwá ilẹ̀ náà, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù yẹn ni Kóstá Ríkà padà sílé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú àwọn adájọ́ ní oṣù Kẹwàá, Nikarágúà kò jiyàn pé iṣẹ́ wáyé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Pastora ṣe é láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ ní kí Nikarágúà di kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí etí òkun níwájú ọ̀kan nínú ojú omi náà, kí wọ́n sì dí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìdájọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2015, wọ́n ní Kóstá Ríkà ló ni ilẹ̀ náà, àti pé Nikarágúà rú àṣẹ ọdún 2011.

Kí ló fún àwòrán yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé láti ojú ọ̀run ló ti wá. Ọjọ́ ló kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ju "ojú omi wà níbí" lọ. Méjì tí ọjọ́ wọn yàtọ̀ ló lè sọ pé "kò sí níbí lọ́jọ́ báyìí, ó ti wà lọ́jọ́ báyìí." Gbogbo ẹjọ́ ọdún 2013 dá lórí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, torí pé bó bá ti wà kí àṣẹ tó jáde, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán náà kò dá dúró. Fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì tún tì í lẹ́yìn. Ẹ má sì gbàgbé ìwọ̀n: ohun tí wọ́n ń wá tóbi tó ohun tí ẹ̀rọ náà lè rí. Ká ní àwòrán tí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ìyẹn píkísẹ̀lì, àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ mítà 30 ni wọ́n fi wò ó, ojú omi tí kò fẹ̀ tó mítà 30 lè rá mọ́ igbó pátápátá.

Ohun tó wú mi lórí jù wà nínú ìdájọ́ 2015 kan náà, níbi tí Nikarágúà ti ń gbèjà ojú omi àkọ́kọ́, ti ọdún 2010. Àlàyé wọn ni pé àwọn kò gbẹ́ nǹkan tuntun. Omi ti ń gba ibẹ̀ láti ayébáyé, àwọn kàn tún un ṣe ni. Wọ́n wá kó àwòrán sátẹ́láìtì àti fọ́tò òfuurufú àtijọ́ sílẹ̀ láti fi tì í lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní wọn kò mọ́lẹ̀ tó, àti pé ipa omi tó dà bí ẹni hàn nínú wọn kò sí lójú ibi tí wọ́n gbẹ́ ní 2010. Ohun mìíràn tún wà tí ilé ẹjọ́ kà sí: igi ńláńlá tó ti dàgbà wà ní ojú ibi tí wọ́n sọ pé omi ń gbà, àwọn igi yẹn ni Nikarágúà sì gé kí wọ́n tó lè gbẹ́ ẹ. Igi kì í dàgbà bẹ́ẹ̀ láàárín ojú omi tó ń ṣàn. Kùkùté borí sátẹ́láìtì.

"Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni àwọn àgbà máa ń wí. Ẹ̀rọ tó wà lókè náà, ẹjọ́ ẹnìkan ló ń rò.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2018, wọ́n bu owó gbà-má-bínú tí Nikarágúà yóò san: dọ́là 378,890.59, pẹ̀lú èlé. Igi tí wọ́n gé sún mọ́ 300, ilẹ̀ tí wọ́n ṣán jẹ́ hẹ́kítà 6.19, ṣùgbọ́n dọ́là 120,000 péré ni wọ́n ka ìbàjẹ́ àyíká sí, pẹ̀lú dọ́là 2,708.39 fún àtúnṣe. Lára ìyókù ni owó tí Kóstá Ríkà ná láti ra ìròyìn tí UNOSAT, ẹ̀ka sátẹ́láìtì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ lórí ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ kò dá gbogbo ohun tí wọ́n béèrè padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé owó tí èèyàn fi ra ojú láti ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lè wà lára ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ yóò san.

## Ta ló ní kí wọ́n máa wò wá?

Ìbéèrè yìí ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn. Lábẹ́ Àdéhùn Chicago ti 1944, orílẹ̀-èdè ló ni òfuurufú tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìpín 36 tiẹ̀ fún un láṣẹ láti dá ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà wọ ọkọ̀ òfuurufú lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Nígbà tí Sóféètì já ọkọ̀ amí U-2 ti Amẹ́ríkà lulẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1960, òfin wà lẹ́yìn wọn. Lóṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà rí fíìmù àkọ́kọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì amí wọn, Corona, tó ń gba òkè ilẹ̀ Sóféètì kan náà kọjá. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni lè fi mú un. Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Sóféètì fúnra wọn gbé gòkè, ti gba òkè gbogbo ayé kọjá ní 1957 láìtọrọ àyè, Àdéhùn Gbangba Ojú Ọ̀run ti 1967 sì wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló lómìnira láti lo ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ apá kan rẹ̀ di tirẹ̀.

Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń wo ilẹ̀, gòkè ní oṣù Keje 1972, Bràsíl àti Argẹntínà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n máa gba àṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó wo ohun àlùmọ́nì rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán: iléeṣẹ́ òkèèrè tó bá kọ́kọ́ mọ ibi tí òkúta iyebíye wà yóò wá dúnàádúrà pẹ̀lú ìjọba tí kò mọ ohun tó ní. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àwọn ìlànà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí wíwo ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1986, ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dípò ni Ìlànà Kejìlá: orílẹ̀-èdè tí wọ́n wò ní ẹ̀tọ́ láti rí dátà ilẹ̀ rẹ̀ gbà ní kété tí wọ́n bá ti ṣe é tán, láìsí ojúsàájú, ní iye owó tó bójú mu. Ní kúkúrú, o kò lè ní kí wọ́n má wò ọ́, ṣùgbọ́n o lè ra ohun tí wọ́n rí. Ìlànà Kìíní sì ti fi ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká: àbójútó ohun àlùmọ́nì, ìlò ilẹ̀ àti ààbò àyíká ló wà fún. Wíwò ti ológun kò sí níbẹ̀ rárá. Ìpinnu sì ni, kì í ṣe àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé ó dè wọ́n.

Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà náà fi fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2003, tí NigeriaSat-2, tó lè rí ohun tó tó mítà 2.5, tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ 2011. Láti ọjọ́ yẹn ni àwa náà ti di awòlú. NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó ya àwòrán etíkun Amẹ́ríkà nígbà ìjì Katrina ní 2005, ẹnikẹ́ni kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kó tó yà á.

## Bí àwòrán bá dé kóòtù wa

Ibí gan-an ni ìṣòro wà. Ìwé Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti 2011, ní ìpín 84, tó sọ bí ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà ṣe lè di ẹ̀rí. Ó ní ohun mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ fi hàn: pé wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé fún irú iṣẹ́ yẹn ní àsìkò yẹn, pé irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ déédéé, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí pé ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ kò kan ìwé náà, àti pé ohun tó wà nínú ìwé náà ti inú ìsọfúnni yẹn wá. Ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tó wà nípò tó yẹ nídìí ẹ̀rọ náà bá fọwọ́ sí ló máa ń gbé e kalẹ̀.

Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2013, lórí ìbò gómìnà Bayelsa, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nù. Agbẹjọ́rò kàn nà wọ́n sílẹ̀ ni, kò mú ẹ̀rí kankan wá nípa kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jáde. Àwòrán Google Earth tí wọ́n tẹ̀ jáde ní káfè, tí wọ́n sì kó fún agbẹjọ́rò, ń lọ sójú kòtò kan náà.

Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà? Ẹ wo ọ̀nà tí àwòrán kan gbà. Ẹ̀rọ ojú ọ̀run yà á, ibùdó ilẹ̀ gbà á sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ àti ipò rẹ̀ ṣe, wọ́n kó o sí ilé ìpamọ́, ẹnìkan gbà á sórí láptọ́ọ̀pù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìpín 84(3) ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan: bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan, òfin yóò kà wọ́n sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á sórí láptọ́ọ̀pù kò lè búra nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ilẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí èèyàn ra àwòrán náà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, tàbí kó gbà á láti ilé ìpamọ́ ìjọba, kó gba fáìlì àlàyé tó máa ń tẹ̀ lé e, kí onímọ̀ kan sì ṣe àlàyé rẹ̀ níwájú adájọ́ lábẹ́ ìpín 68. Orúkọ ẹ̀rọ, ọjọ́ àti wákàtí, igun tí wọ́n fi yà á àti ìpele àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì yẹn. Wákàtí inú rẹ̀ jẹ́ ti àgbáyé. Kí a fi wákàtí kan kún un kó tó di ti Nàìjíríà.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn ní 2015. Ọkùnrin kan ń jiyàn pé inú Mẹ́síkò lòun wà nígbà tí wọ́n mú òun, wọ́n sì mú àwòrán Google Earth wá tí àmì wà lórí rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló fi àmì náà síbẹ̀ láti inú nọ́mbà ipò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ, torí pé ẹ̀rọ kì í ṣe ẹni. Bó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló kọ orúkọ sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo fẹ́ràn ìyàtọ̀ yẹn, torí òun gan-an ni ìyàtọ̀ tí wọn kò rí lórí odò San Juan ní 2010.

Lẹ́yìn pé kóòtù gbà á wọlé, ó kù kó wúlò. Ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ti 1976 ka ọ̀nà márùn-ún tí a fi ń fi hàn pé èèyàn ló ni ilẹ̀: ìtàn ìran, ìwé ilẹ̀, ìwà onílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, lílo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn. Sátẹ́láìtì kò mọ ìtàn ìran, kò sì lè ka ìwé. Ibi tó ti lè ṣèrànwọ́ ni ìkẹta àti ìkẹrin: oko wà níbẹ̀ lọ́dún báyìí, ilé dé lọ́dún báyìí. Ohun kan tí àwọn agbẹjọ́rò wa kò tíì fi bẹ́ẹ̀ lò ni fọ́tò Corona àtijọ́. Amẹ́ríkà tú u sílẹ̀ ní 1995, ó lé ní 860,000, láti 1960 dé 1972, èyí tó dára jù nínú wọn sì rí ohun tó tó nǹkan bíi mítà 2. Níbi tí ọ̀kan bá ti bọ́ sórí ilẹ̀ tí à ń jà sí, ó lè sọ bí ibẹ̀ ṣe rí ṣáájú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti oṣù Kẹta 1978. Landsat ìgbà yẹn, tí ẹyọ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 80, kò lè rí ilé kankan.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Sentinel-2 ti Yúróòpù jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 10 ní mítà 10. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 ní ẹsẹ̀ 120 tí a mọ̀ sí mítà 18 ní mítà 36 kò gbà ju ẹyọ mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ, bíi táìsì ilé ìwẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó lè sọ pé igbó ti di ilẹ̀ gbalasa. Kò lè sọ pé ògiri aládùúgbò wọ ilẹ̀ rẹ ní ẹsẹ̀ méjì. Ní àsìkò òjò, ìkùukùu lè bo Èkó tàbí Oǹdó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Rádà Sentinel-1 ló ń rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rádà kò jọ fọ́tò, onímọ̀ ló ń kà á.

Èyí tó ń pa ẹjọ́ jù ni nọ́mbà ipò. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè Nàìjíríà dá lórí Minna Datum, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń ka nọ́mbà ipò. Google àti GPS dá lórí ìpìlẹ̀ mìíràn, WGS84. Bí wọ́n bá gbé nọ́mbà inú ìwé sọ́fè sórí Google láìyí i padà, ilẹ̀ náà lè fi ohun tó ju mítà 100 sún. Nínú àdúgbò tí pulọ́ọ̀tì rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 18, o ti fo ilẹ̀ bíi márùn-ún kọjá, o sì ti ń bá ẹni tí kò mọ ohunkóhun jà. Awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ló yẹ kó yí i padà, kó sì kọ irú àyípadà tó lò sínú ìwé rẹ̀.

## Ẹni tó ra ojú

Wíwò lómìnira, àmọ́ títà kò lómìnira. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní 1996 kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ wọn ta àwòrán Ísráẹ́lì tó mọ́lẹ̀ ju ohun tí èèyàn lè rà níbòmíràn lọ. Mítà 2 ni ìwọ̀n yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún; ní 2020 ni wọ́n sọ ọ́ di mítà 0.4. Ní oṣù Kẹwàá 2001, nígbà ogun Afghanístàn, ìjọba Amẹ́ríkà kò lo òfin rárá. Wọ́n kàn ra gbogbo àwòrán tí Ikonos, sátẹ́láìtì oníṣòwò kan, yà nípa ilẹ̀ náà, kí ẹlòmíràn má bàa rí i rà. Jámánì àti Kánádà náà ní òfin tó ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n lè ta àwòrán tó mọ́ fún. Ẹ̀tọ́ Ìlànà Kejìlá láti ra ohun tí wọ́n rí kò ran ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọjà tán lọ́wọ́.

Ìwé àdéhùn rírà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Iléeṣẹ́ lè ta àwòrán fún ọ pé ìwọ nìkan ni kó o lò ó. Ìwé tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ ní kóòtù lè bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Kí a kà á kí a tó sanwó, kí a sì sọ ọ́ tààrà pé ilé ẹjọ́ ni à ń mú un lọ.

Àwòrán tó mọ́ jù pàápàá ní ibi tó ń dákẹ́ sí. Àwòrán ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 2015 tí Amnesty International gbé jáde fi hàn pé ó lé ní 3,700 ilé tó bàjẹ́ tàbí tó run ní Baga àti Doron Baga, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Kò sí ẹni tó lè jiyàn mọ́ pé ohun ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye òkú kò hàn nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó dáná náà kò sì hàn. Ẹnu àwọn tó sá là ló sọ ìyẹn.

## Iná tí sátẹ́láìtì rí ní Niger Delta

NOSDRA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó dà sílẹ̀, ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tọpa gáàsì tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń dáná sun. Ẹ̀rọ VIIRS, tó wà lórí sátẹ́láìtì tó sì ń rí ooru lóru, ni wọ́n fi ń ṣe é. Òfin ọdún 2018 lórí gáàsì sísun fi ìtanràn sí i nígbà náà: dọ́là 2 lórí ẹsẹ̀ kúbíìkì 1,000 fún iléeṣẹ́ tó ń fa àgbá epo 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, sẹ́ǹtì 50 fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá tó bá sun ẹsẹ̀ kúbíìkì mílíọ̀nù kan lóòjọ́ a máa jẹ gbèsè dọ́là 2,000 lóòjọ́ nígbà náà.

Orí kí ni wọ́n ń ka ìtanràn náà? Orí mítà tó wà lẹ́nu páìpù, àti àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ. Nọ́mbà sátẹ́láìtì jẹ́ ìṣirò láti inú ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Òru tí ìkùukùu bá bò kò ní nọ́mbà tó dájú, iná méjì tó bá sì sún mọ́ra lè di ẹyọ kan, nítorí pé ẹyọ àwòrán VIIRS tó mítà 750. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ yóò sọ gbogbo èyí, yóò sì jàre bó bá jẹ́ nọ́mbà yẹn nìkan ni wọ́n gbé wá.

Ibi tí nọ́mbà náà ti lágbára ni òru kan pàtó. Bí VIIRS bá rí iná ńlá lójú páìpù kan lóru tí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ sọ pé kò sí gáàsì kankan tí wọ́n sun, kò sí ìṣirò tó ń dá ìyẹn rú: iná wà tàbí kò sí. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ mítà ni ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá. Òfin Òmìnira Ìsọfúnni ti 2011 jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń gba àkọsílẹ̀ náà, àjọ náà sì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Kí wọ́n béèrè fún ojoojúmọ́, páìpù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àròpọ̀ oṣù kò ní sọ òru wo ni iná jó.